Ẹ̀gbà Pupa Kì Í Jẹ́rìí

"Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa! Mi ò fẹ́ rí dúdú kankan lábẹ́ èékánná ẹnikẹ́ni lónìí!"

Àǹtí Morádékẹ́, tó ń bójú tó yàrá àwọn ọmọbìnrin, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ tó ń pariwo bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, àwọn ọmọ tò yí àwọn bàsíà omi ká. Kálukú mú ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, abọ́ eérú sì wà láàárín wọn. Wọ́n ń fi ọsàn àti eérú ha dúdú tí lẹ́búlẹ́bú inú bátìrì ti kó sí wọn lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń wà ní ṣẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń tú bátìrì àwọn ọkọ̀ tó ti kú kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì pa, wọ́n ta aṣọ bò ó, wọ́n sì kọ "Yàrá Orin" sí i lára.

Omi ọsàn kan egbò tó wà ní àtàǹpàkò Fadérera. Ó ta á wọra, ṣùgbọ́n kò ké. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbà tó wà níbẹ̀ ṣì funfun.

Ẹ̀gbà náà kò nípọn ju okùn bàtà lọ, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè gbà bọ́ ọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú. Ní kóòtù àti ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Bí ọkàn onítọ̀hún bá balẹ̀, ẹ̀gbà á funfun bí òwú. Bí àyà rẹ̀ bá ń já, á pọ́n bí ẹyìn, òfin kò sì ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣe òfin yẹn, àwọn ènìyàn jó kiri ìgboro, wọ́n ní irọ́ ti parí láyé. Àmọ́ ìwọ̀nba ìgbà tí ẹjọ́ bá fi ń lọ ni àgbàlagbà fi ń wọ̀ ọ́. Ní Ọgbà Ìtúnwàṣe tó wà lórí Òkè Amùnù yìí, àwọn ọmọ ń wọ̀ ọ́ wẹ̀, wọ́n ń wọ̀ ọ́ sùn. Bó bá sì pọ́n pẹ́, á bu wọ́n jẹ. Iná rẹ̀ á gba apá lọ dé èjìká.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Fadérera wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Dúródọlá ńkọ́? Ṣé wọn ò ní mú un jáde wá fọ ọwọ́ ni?"

Àǹtí Morádékẹ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Dúródọlá, mà. Ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi."

"Lónìí, a ò ní ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Fọ ọwọ́ ẹ."

Àwọn ọmọ yòókù tẹ orí ba. Gbogbo wọn ló mọ ibi tí Dúródọlá wà. Láti ìjẹta ni wọ́n ti sọ ọ́ sínú táńkì oníṣìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ń gbe omi òjò sí nígbà kan, tí wọ́n wá ń pè ní Yàrá Ìrònú. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó jókòó nídìí iṣẹ́. Ó ní eegun òun ń ro òun. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí i mọ́, òtútù ọyẹ́ orí òkè yìí kì í sì í bá a lára mu. Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbà rẹ̀ ń pọ́n, nítorí ìrora máa ń lé àyà eré gẹ́gẹ́ bí irọ́ ti ń lé e. Ní Ọgbà, ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá pọ́n, irọ́ ló ń pa. Wọn kì í wádìí kọjá ibẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n wá pe Fadérera sí ọ́fíìsì.

Ìyáàfin Adébọ̀wálé ló ni Ọgbà, àmọ́ Màmá Ọgbà ni àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ máa pè é. Obìnrin tó tóbi ni, ohùn rẹ̀ tutù, kì í pariwo. Kò sẹ́ni tó rí i rí tó na ọmọ. Ó bu tíì sínú ife, ó fi mílíìkì sí i, ó sì gbé e síwájú Fadérera.

"Mu ún, ọmọ mi. Ẹ̀gbà ẹ ti ń funfun láti ìgbà pípẹ́. Mo ń rí i."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lónìí. Yóò bi yín ní ìbéèrè lórí ìlà. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ ló máa wà níwájú, kí àwọn tó kù lè máa wo ojú ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá ẹ náà ń bọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn. Bí olùbẹ̀wò bá lọ tayọ̀tayọ̀, wàá bá màmá ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí lónìí."

Ife ti dé ẹnu ọmọ náà. Fadérera sáré gbé e sílẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú díẹ̀.

"Ayọ̀ nìyẹn," ni Màmá Ọgbà wí. "Ayọ̀ náà máa ń pa á láró. Jẹ́ kí ọkàn ẹ balẹ̀."

Ó ti lé lọ́dún kan tí Fadérera ti rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yàrá ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ó fọ́ ojú-ẹ̀rọ tí ìjọba ní kí wọ́n máa fi sí yàrá gbogbo ọmọ, nítorí kò fẹ́ kí nǹkan kan máa wo òun bí òun bá ń sùn. Lẹ́yìn náà, kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ìyá rẹ̀, opó tó ń rán aṣọ òjò ní Ìlú Tuntun, níbi tí wọ́n kó àwọn tí òkun lé kúrò nílé sí, bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kó múra, pé àwọn ń lọ kí àǹtí kan tó ń gbé lórí òkè. Ọkùnrin méjì ti jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tí Fadérera rí wọn tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Ó ti sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ìjọba pé, "Mo fi ọmọ mi lé yín lọ́wọ́." Bí òbí bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin, ó parí, ọmọ náà ti kúrò ní tirẹ̀ títí ilé tó gbà á yóò fi sọ pé ó ti yí padà.

Ṣùgbọ́n Fadérera ti wá àwáwí fún un. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé màámi kò mọ̀. Wọ́n fi ọgbà òdòdó hàn án nínú àwòrán, wọ́n fi àwọn ọmọ tó ń kọrin hàn án. Bó bá mọ̀ pé wọ́n ń ti ọmọ mọ́ inú táńkì, á ti fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìlú Tuntun.

Ìyá rẹ̀ dé. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sínú yàrá àlejò, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, Àǹtí Morádékẹ́ sì ń lọ, ó ń bọ̀ níta.

"Fadérera mi! Fadérera ọmọ Ajíbádé!" Ìyá dì mọ́ ọn, ó sì tì í sẹ́yìn kó lè wò ó dáadáa. "O rù o. Kí ló dé tó o rù báyìí? Ohùn ẹ lórí fóònù ò jọ ti ẹni tó rù."

Ó tú ewé, ó mú àádùn jáde. Fadérera bù ú sẹ́nu, àmọ́ kò lè gbé e mì.

"Fóònù wo, màámi?"

"Fóònù wo, kẹ̀? Èyí tá a máa ń sọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Èyí tó o fi bẹ̀ mí ní Kérésìmesì pé kí n má wulẹ̀ wá, pé o ò ní í lè pọkàn pọ̀ bó o bá rí mi."

"Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ rí, màámi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dúró sójú rẹ̀ láìmọ ibi tí yóò lọ.

Nígbà náà ni Fadérera rántí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, wọ́n mú un jókòó síwájú ẹ̀rọ kan, wọ́n ní kó máa ka ọ̀rọ̀ sí i. Ó ka orúkọ oúnjẹ, ó ka orúkọ ọjọ́, ó ka "ẹ káàárọ̀", ó ka "mo dúpẹ́", ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ̀wé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ló ń fi ohùn mi bá yín sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ?" Ìyá jókòó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gbọ́, màámi, kò sí àkókò. Ọmọ kan wà níbí, ọ̀rẹ́ mi ni, Dúródọlá. Ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ti sọ ọ́ sínú táńkì láti ìjẹta. Kò sí omi, kò sí aṣọ ìbora. Á kú síbẹ̀. Olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ nísinsìnyí. Òun nìkan ni kí ẹ sọ fún. Ẹ̀yin ò wọ ẹ̀gbà, á gbọ́ tiyín. Bí mo bá lanu sọ ọ́, èmi á máa gbọ̀n, ẹ̀gbà mi á pọ́n, wọn ò sì ní gba ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Màámi, ẹ ṣèlérí fún mi."

Omijé ti dé ojú ìyá rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ Fadérera méjèèjì mú.

"Mo ṣèlérí. Mo fi bàbá ẹ tó ti lọ búra."

Ara Fadérera fúyẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò ó pé kò sí ohun tó tún burú mọ́, nígbà tí màámi ti mọ̀.

Ọkọ̀ olùbẹ̀wò wọlé bí wọ́n ti ń fọn fèrè ìlà. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ibòji, ó dúró síbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ti dàgbà, ó ń fi ọwọ́ tẹ ìbàdí. Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun ni orúkọ rẹ̀. Fadérera bọ́ síwájú ìlà, ó sì fi ojú wá ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ jáde ní yàrá àlejò. Ó rìn lọ sí ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Ó wo olùbẹ̀wò, ó wo ilẹ̀, ó sì yà. Ọ̀dọ̀ Màmá Ọgbà ló gbà lọ.

Fadérera rí ẹnu ìyá rẹ̀ tó ń mì. Ó rí i tó na ọwọ́ sí ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì. Ó rí Màmá Ọgbà tó tẹ́tí, tó mi orí pẹ̀lú àánú, tó fa ìyá rẹ̀ mọ́ra, tó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ọmọdé. Àwọn méjèèjì sì yíjú wo ibi tí òun dúró sí.

Wọ́n jọ wá bá a.

"Ìyá ẹ ti sọ fún mi," ni Màmá Ọgbà wí jẹ́jẹ́. "Mi ò bínú."

"Màámi, ẹ ṣèlérí."

"Fadérera, má bínú sí mi." Ìyá rẹ̀ nu ojú. "Wọ́n ti sọ fún wa ní ìpàdé òbí pé bí ọmọ bá ku díẹ̀ kó yí padà, irọ́ ńlá kan ló máa ń kù sí i nínú. Á sunkún, á ní wọ́n ń pa àwọn. Wọ́n ní òbí tó bá gbà á gbọ́, ó ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Mo rí àwọn mìíràn tó kó ọmọ wọn lọ. Ìkan nínú àwọn ọmọ náà ti wà lẹ́wọ̀n báyìí. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi wọ́n ni. Wọ́n ní ọmọ kankan ò sí nínú táńkì."

"Ta ló wá ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

"Màmá Ọgbà ní ìgbàgbé wà lára ìwòsàn. Wọ́n ní o bá mi sọ̀rọ̀, o kàn ti gbàgbé ni."

Àyà Fadérera bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ó mọ̀ ọ́n kó tó wò ó. Ẹ̀gbà yí sí àwọ̀ òdòdó, ó yí sí pupa, ó bù ú jẹ títí dé èjìká, Fadérera sì kígbe.

"Ṣó o rí i?" ni ìyá rẹ̀ wí, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ó pọ́n. Ẹ̀gbà ò lè parọ́, ọmọ mi."

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Fadérera ti gbọ́ òwe yẹn rí láìmọ bó ti ń ta tó. Bí ìyá rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa lọ́jọ́sí, ó rí àwáwí fún un, nítorí kò mọ̀. Èyí tó ṣe lónìí kò ní àwáwí. Wọ́n ti sọ fún un.

Màmá Ọgbà kò lé e kúrò lórí ìlà. Kò sí ohun tó máa lé e fún. Ó fọwọ́ kan Fadérera léjìká, ó mú ìyá lọ jókòó lábẹ́ àtíbàbà àwọn òbí, ó sì ní kí wọ́n fún un lómi tútù.

Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìlà. Ó gbé àwo dígí kékeré kan lọ́wọ́. Bó bá gbé e sún mọ́ ẹ̀gbà funfun, á dún píì, á sì gba ẹ̀rí. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo wọn. Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ? Ṣé wọ́n ń lù yín? Ṣé gbogbo ọmọ tó ń gbé ibí ló wà lórí ìlà? Àwọn ọmọ ń dáhùn bí wọ́n ti kọ́ wọn. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó lórí òkè yìí ti mọ bí a ti ń parọ́ kí àyà má já. Òtítọ́ ló ṣòro láti sọ.

Ó dé ọ̀dọ̀ Fadérera, ó gbé àwo sún mọ́ ọn. Àwo náà kò dún.

"Ẹ̀gbà pupa kì í jẹ́rìí," ló wí, bí ẹni tó ń ka ohun tó ti sú u. Ó yíjú padà.

"Ẹ dúró, sà. Òfin ní bí ẹ̀gbà ọmọ bá pọ́n, olùbẹ̀wò gbọ́dọ̀ fún un láyè kó funfun, títí olùbẹ̀wò yóò fi kúrò nínú ọgbà."

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé ìjẹun, sà. À ń kà á kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún wa."

Màmá Ọgbà ti sún mọ́ wọn. "Ọ̀gá, ọmọ yìí ni mo ń sọ fún yín. Ara rẹ̀ ò tíì yá. Oúnjẹ yín ti délẹ̀ nínú ilé, iyán ni, ó ń tutù."

Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun wo ọ̀nà ilé ìjẹun. Ó wo àwo ọwọ́ rẹ̀. Ó dà bíi pé iyán náà wù ú gan-an. Lẹ́yìn náà ló fa àga kan, ó rọra jókòó nítorí ìbàdí rẹ̀.

"Òfin lòfin," ló wí. "Mò ń dúró dè ọ́."

Fadérera di ojú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tó fi máa ń mú ẹ̀gbà rẹ̀ funfun: á ronú pé òun jókòó láàárín ẹsẹ̀ ìyá òun, tí ìyá ń di irun fún òun, tí ìka rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ lórí òun. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó rí àwọn ìka náà, ó sì rí i tí wọ́n nà sí ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbà bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó jọ̀wọ́ ìyá rẹ̀. Bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà tó mọ̀ pé òun ò ní padà wá gbé e. Ó dùn ún ju ẹ̀gbà lọ.

Dúródọlá ló wá sọ́kàn rẹ̀. Nígbà kan tí ìrora mú un lórí bẹ́ẹ̀dì, Fadérera bi í pé báwo ló ti ń ṣe tí kì í ké. Dúródọlá ní, "Bí o bá ń bá a jà, á pe àwọn ẹbí ẹ̀ wá. Sọ fún un pé mo rí ẹ, jókòó. Bó bá jókòó, ìwọ náà á lè mí."

Mo rí ẹ, ni Fadérera wí fún ohun tó wà láyà rẹ̀. Jókòó.

Kò kọ́kọ́ jókòó. Ọmọ kan wúkọ́ lórí ìlà. Olùbẹ̀wò mu omi. Oòrùn yọ lẹ́yìn ìkùukùu ọyẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ohun náà jókòó. Kò lọ, àmọ́ ó jókòó, ó tutù, ó wúwo bí òkúta odò. Nígbà tí Fadérera la ojú, ẹ̀gbà rẹ̀ ti funfun báláú.

Lábẹ́ àtíbàbà, ìyá rẹ̀ rí i. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí òbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, ẹ wò ó, ọmọ mi ti yí padà.

Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun gbé àwo sún mọ́ ọn. Píì.

"Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?"

"Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, sà. Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá pọ́n kì í jẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwo. "Ṣé wọ́n ń lù yín?"

"Rárá, sà. Ẹ̀gbà ló ń lù wá."

"Ṣé gbogbo ọmọ tó ń gbé ibí ló wà lórí ìlà?"

"Rárá, sà. Ọmọ kan wà nínú táńkì lẹ́yìn ilé tí wọ́n kọ Yàrá Orin sí. Dúródọlá Ọyátóògùn ni orúkọ rẹ̀. Kò rí omi mu láti ìjẹta. Bí kò bá tíì kú, ó wà níbẹ̀."

"Irọ́ ni!" ni Màmá Ọgbà ké. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun dìde láti orí àga. "Ó ti wọlé sínú àwo, mà. Ẹ̀gbà rẹ̀ funfun. Òfin ò fún mi láyè láti má lọ wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má jáde nínú ọgbà."

Ìdérí irin ló wà lórí táńkì náà, wọ́n sì gbé òkúta lé e. Àwọn ọmọ ọkùnrin méjì láti orí ìlà sáré lọ gbé òkúta kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Olùbẹ̀wò kúnlẹ̀ sẹ́nu rẹ̀, ó yọjú sínú, ó sì fa ara sẹ́yìn.

"Ẹ gbà mí o," ló wí. "Ọmọ tèmi náà tó báyìí."

Wọ́n gbé Dúródọlá jáde. Ó ká jọ bí ọmọ inú oyún. Ètè rẹ̀ ti sán, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi osùn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Fadérera bọ́ síwèétà rẹ̀, ó fi bò ó. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ wọn hàn, wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọn hàn. Ẹ̀gbà gbogbo wọn pọ́n, ó ń bù wọ́n jẹ, wọ́n ń ké, wọ́n sì tún ń sọ̀rọ̀. Àwo kò gba ìkankan níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun ju àwo náà sínú àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ ìjọba jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀gbà kúrò lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ìyá Fadérera ti dé ẹ̀gbẹ́ táńkì. Ó wo inú rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi ń wo inú rẹ̀.

"Fadérera," ló wí. "Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò mọ̀."

"Mo sọ fún yín, màámi."

Ohun kan ṣoṣo tó sọ nìyẹn. Kò pariwo. Ìyá na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà sì dúró lágbede méjì.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn gun òkè wá, nọ́ọ̀sì kan sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ Dúródọlá sínú rẹ̀, wọ́n fi omi sí i lára.

"Ọmọdé ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò lè gbé e lọ láìjẹ́ pé ẹbí rẹ̀ kan bá wa lọ. Ta ni ẹbí rẹ̀ níbí?"

Wọ́n pe bàbá Dúródọlá lórí fóònù. Kò gbé e. Wọ́n tún un pè. Bákan náà ni.

"Èmi ni," ni Fadérera wí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Ìyá kan náà ló bí wa."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo ọmọ tó sùn kalẹ̀, tí wọn ò fi nǹkan kan jọra. Ó yíjú sí obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá wọn, mà?"

Ìyá wo ọmọ tó sùn kalẹ̀ náà. Ó wo Fadérera. Fadérera kò bẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ́jú sí i, kò sọ fún un pé kó ṣèlérí.

"Èmi ni," ni ìyá wí. "Èmi ni mo bí àwọn méjèèjì."

"Ẹnìkan ṣoṣo ni àyè gbà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa bá a lọ."

Fadérera gbọ́ ọ. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó ti orí Dúródọlá. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ lé férémù ilẹ̀kùn.

"Ṣé kí n máa bọ̀ lẹ́yìn yín? Mo lè wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìsàlẹ̀."

"Nígbà tó bá jí, mo máa bi í bóyá ó fẹ́ rí yín."

"Ìwọ ńkọ́?"

Fadérera gbé ojú lé ọwọ́ náà. Ó dúró títí ìyá rẹ̀ fi yọ ọwọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ló fa ilẹ̀kùn náà dé.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún un ní òwú àti ife omi, ó ní kó máa fi kan ètè àbúrò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó rí i pé omi mìíràn ń kán sórí síwèétà náà, pé ẹkún lòun ń sun, àti pé kò sí ohun tó ń bu òun jẹ.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń móoru, Dúródọlá la ojú díẹ̀.

"Màmá ẹ dé?"

"Wọ́n dé."

"Ṣé ilé yín là ń lọ ni?"

"Rárá," ni Fadérera wí, ó sì tún fi òwú bọ omi. "A ò lọ sílé wa."